Contact coil: wáyà tó ń fara kanra tí kò sì bíríìjì

Ẹni tí wọ́n bá ti fi òwú kó irun fún rí mọ bí iṣẹ́ onídìrí tó mọṣẹ́ ṣe máa ń rí: òwú á tò tira, kò ní sí àlàfo, ojú ò sì ní rí irun tó wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kọ́ìlì tí àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn tún vape, ìyẹn sìgá oníbátìrì, ṣe ń pè ní contact coil. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n wé mọ́ irin dírìlì nígbà mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, tí wọ́n wá yọ irin náà kúrò. Òwú ni wọ́n ń kì bọ inú ihò rẹ̀. Òwú á fa omi mu, bátìrì á mú wáyà gbóná, omi á di oru. Èéfín la ń pè é o, àmọ́ kò sí ohun tó jó níbẹ̀.

Oníṣẹ́ iná tó bá rí i á kọ́kọ́ béèrè pé: wáyà tí kò ní rọ́bà lára, tó tún ń fara kanra, ṣé kò ní bíríìjì ni? Ìbéèrè gidi ni. Kọ́pà tí wọ́n fi ń wé kọ́ìlì fáànù ní fáníìṣì lára. Bí fáníìṣì yẹn bá bó, fáànù ti jó nìyẹn. Wáyà vape ò ní fáníìṣì. Èyí tí wọ́n ń lò jù ni Kanthal, àdàlú irin, kurómíọ̀mù àti àlùmíníọ̀mù, tí orúkọ rẹ̀ wá láti ara Hans von Kantzow àti Hallstahammar, ìlú rẹ̀ ní Sweden. Bí Kanthal bá pọ́n, àlùmíníọ̀mù inú rẹ̀ á dàpọ̀ mọ́ ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́, á sì di èèpo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí iná kì í gbà kọjá. Wáyà náà ló ń rán aṣọ fún ara rẹ̀.

Kí èèpo yẹn tó dé, iná á máa gba ọ̀nà ẹ̀bùrú láti ìká wáyà kan sí èkejì, ibì kan á pọ́n bí ẹyin iná, ibòmíì á tutù. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń tan iná sí i díẹ̀, kí òwú tó wọ inú rẹ̀. Wọ́n á pa iná, wọ́n á fi ẹ̀mú fún un pọ̀, wọ́n á tún tan án, títí yóò fi máa pọ́n láti àárín lọ sí etí méjèèjì. Bí ẹ̀mú bá jẹ́ onírin, ẹ má fi kàn án nígbà tí iná wà lára rẹ̀.

Kí ó tò tira ńkọ́? Fífà ni. Wáyà yìí máa ń ta padà bíi sípíríìngì, tí ọwọ́ bá dẹ̀, ó ti tú. Ẹ fi ẹ̀mú di ìdí wáyà mú, kí ẹ fà á le, kí irin dírìlì máa yí, kì í ṣe kí ọwọ́ máa gbé wáyà yípo. Àwọn kan máa ń kọ́kọ́ fi iná sun wáyà kó lè rọ̀. Èmi ò fara mọ́ ọn: èyí tó ti rọ̀ máa ń wọ́ tí wọ́n bá ń de ìdè.

Wáyà Kanthal géèjì 28, tó nípọn tó 0.32 mílímítà, tí wọ́n wé lẹ́ẹ̀mẹ́jọ mọ́ irin 2.5 mílímítà, á fún wa ní nǹkan bí 1.3 ọ́ọ̀mù, ìyẹn ìwọ̀n bí wáyà ṣe ń dí iná lọ́nà. Bí ìká bá dín kù sí mẹ́rin, ọ́ọ̀mù á já sí ìdajì, bátìrì á sì máa tú iná jáde ní ìlọ́po méjì. Ẹ wọn ọ́ọ̀mù kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì.

Níkẹ́lì lásán ò ní irú èèpo yìí. Àlàfo ni wọ́n máa ń fi sáàárín ìká tiẹ̀.