Kí ẹ tó kọ̀wé fún iṣẹ́ postdoc nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó ti gboyè ọ̀mọ̀wé ló ń kọ̀wé wá postdoc bí ẹni ń tọrọ ẹ̀kọ́ọ̀fẹ́. Iṣẹ́ ni o, iṣẹ́ ìwádìí fún ẹni tó ti gboyè ọ̀mọ̀wé. Research Associate tàbí Research Fellow ni ẹ máa rí nínú ìpolówó lórí jobs.ac.uk, ìkànnì tí wọ́n ti ń polówó iṣẹ́ yunifásítì. Lọ́pọ̀ ìgbà, owó ìwádìí tí ọ̀jọ̀gbọ́n kan rí gbà ni wọ́n fi ń san owó oṣù yín. Bí owó náà bá tán, iṣẹ́ tán nìyẹn, àfi tí wọ́n bá rí òmíràn.

Ìwé tó ṣe kókó jù níbẹ̀ ni person specification, òun gan-an sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà dáadáa. Ó máa ń to ohun tó pọn dandan àti ohun tó wuni kéèyàn ní. Òun làwọn tó ń yan èèyàn ń wò láti fún yín ní máàkì lórí kókó kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ kò bá mẹ́nu bà, wọn kò ní máàkì tí wọ́n máa fún yín lórí rẹ̀, bí ẹ tilẹ̀ mọ iṣẹ́ náà dunjú. Ẹ tẹ̀ lé e bí wọ́n ṣe tò ó, kí ẹ fi ẹ̀rí ti ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn. “Mo mọ R lò” (R ni ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣàyẹ̀wò dátà) kò tó: ẹ sọ bí dátà náà ṣe pọ̀ tó, àyẹ̀wò tí ẹ ṣe, àti àpilẹ̀kọ tó ti ibẹ̀ jáde. Ojú ewé méjì tó, àfi bí wọ́n bá sọ iye mìíràn.

Orúkọ ẹni tí ẹ lè bi ní ìbéèrè sábà máa ń wà nísàlẹ̀ ìpolówó. Ẹ kọ ímeèlì kúkúrú sí i, kí ẹ bèèrè ohun tí ìpolówó kò sọ, bíi bóyá dátà ti wà nílẹ̀ tàbí ẹ̀yin lẹ máa kó o jọ.

Ní Nàìjíríà, ó lè pẹ́ kí Sẹ́nétì yunifásítì tó fọwọ́ sí oyè lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbèjà iṣẹ́ ìwádìí yín. Ẹ gba lẹ́tà ní Postgraduate School pé ẹ ti parí gbogbo ohun tó yẹ. Yunifásítì púpọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń kọ́kọ́ gbani gẹ́gẹ́ bíi Research Assistant, owó rẹ̀ á sì dín díẹ̀ títí oyè á fi jáde.

Bí wọ́n bá mú yín, ọ̀rọ̀ físà ló kàn. Owó ìlera tí wọ́n ń gbà pẹ̀lú físà nìkan jẹ́ £1,035 lọ́dún fún àgbàlagbà, ẹ̀ẹ̀kan náà sì ni wọ́n ń gba ti gbogbo ọdún: iṣẹ́ ọdún mẹ́ta di £3,105, ọkọ tàbí ìyàwó tó bá tẹ̀ lé yín náà á san tiẹ̀. Ẹ bèèrè bóyá yunifásítì máa dá a padà, torí kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣe é. Ìwé àyẹ̀wò ikọ́ fée tí ẹ máa fi gba físà kì í lò ju oṣù mẹ́fà lọ, nítorí náà ẹ má tètè ṣe é jù.

Bí iṣẹ́ yín bá jẹ mọ́ sáyẹ́ǹsì tàbí ẹnjiníà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní kí ẹ kọ́kọ́ gba ìwé ATAS, ìyẹn ìwé àṣẹ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn irú ìwádìí kan. Yunifásítì ló máa fún yín ní àlàyé ìwádìí náà àti nọ́mbà ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí ẹ máa fi béèrè rẹ̀. Ó ń gba ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ẹ má kọ̀wé fiṣẹ́ tí ẹ wà sílẹ̀ títí ATAS àti físà á fi tẹ̀ yín lọ́wọ́; bí ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ bá ti sún mọ́lé jù, ẹ tètè ní kí wọ́n sún un síwájú.