Rosa Bonheur

Rosa Bonheur (16 Oṣù Kẹta 1822 – 25 Oṣù Karùn-ún 1899) jẹ́ ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Faransé tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí àwòrán ẹranko. Bordeaux ni wọ́n ti bí i. Ìwé kíkà kò tètè wọ̀ ọ́ lára, ni ìyá rẹ̀ bá ní kó máa ya ẹranko kan sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ló ṣe mọ ìwé kà. Ìyá náà kú ní 1833, lẹ́yìn tí ẹbí ti kó lọ sí Paris.

Ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà tí ìjọba dá sílẹ̀ kì í gba obìnrin láyé ìgbà náà. Bàbá rẹ̀, Raymond, tó jẹ́ ayàwòrán, ló kọ́ ọ níṣẹ́. Odò ẹran ló kọ́ ọ ní ìyókù: láàárín ẹ̀jẹ̀ àti ìfun, ó ń wo bí iṣan ṣe so mọ́ eegun, ó sì ń yà á sílẹ̀. Ní 1849, ó pàtẹ àwòrán àwọn màlúù tó ń fa ohun ìtúlẹ̀ ní agbègbè Nivernais, èyí tí ìjọba bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ rẹ̀. Musée d'Orsay, ilé ọnà kan ní Paris, ló wà báyìí.

Àmọ́ àwòrán Ọjà Ẹṣin, tó pàtẹ ní 1853, lọ́gàá iṣẹ́ rẹ̀. Fífẹ̀ rẹ̀ lé ní mítà márùn-ún. Ẹṣin ńláńlá ń na ẹsẹ̀ iwájú sókè, eruku ń sọ, àwọn ọkùnrin ń fi agbára fa ìjánu. Ó lé ní ọdún kan tí Rosa fi ń lọ sí ọjà náà, tòun ti ṣòkòtò, kí àwọn oníṣòwò má baà yọ ọ́ lẹ́nu. Òfin Paris nígbà náà ò sì gbà kí obìnrin wọ ṣòkòtò láìgba àṣẹ. Ìwé àṣẹ tí ọlọ́pàá fún un ní 1857 ṣì wà dòní. Ọbabìnrin Victoria ní kí wọ́n gbé àwòrán náà wá kí òun wò ó. Ní 1887, Cornelius Vanderbilt, olówó ọmọ Amẹ́ríkà, rà á, ó sì fi ta ilé ọnà Metropolitan ní New York lọ́rẹ.

Owó iṣẹ́ rẹ̀ ni Rosa fi ra ilé ńlá kan ní abúlé By, nítòsí igbó Fontainebleau. Ibẹ̀ lòun àti Nathalie Micas, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, jọ gbé títí Nathalie fi kú ní 1889. Ó sin oríṣiríṣi ẹran níbẹ̀, kìnnìún pàápàá wà níbẹ̀. Ní 1865, Eugénie, aya olú-ọba Faransé, fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sí By láti fi Légion d'honneur, oyè ìjọba Faransé tó ga jù, dá a lọ́lá. Òun ni obìnrin ayàwòrán àkọ́kọ́ tó gbà á.

Nígbà tó kú, Anna Klumpke, ayàwòrán ọmọ Amẹ́ríkà, ló jogún rẹ̀. Ibojì Nathalie ní Père-Lachaise, ìtẹ́ òkú kan ní Paris, ni wọ́n sin Rosa sí.