Bí wọ́n ṣe ń ka èémí tó dá dúró lójú oorun, àti ìdí tí ìwádìí rẹ̀ fi ṣòro

Ẹni tí èémí rẹ̀ ń dá dúró lójú oorun kì í sábà mọ̀. Ẹni tó ń bá a sùn ló máa ń gbọ́ ọ: á hanrun kíkankíkan, á dákẹ́ lójijì, lẹ́yìn náà á mí gúlẹ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí nínú odò, á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Ohun tó ń fà á ni pé iṣan ahọ́n àti ti ọ̀fun máa ń dẹ̀ bí èèyàn bá ti sùn. Lára ẹni tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ há, tàbí tí ọ̀rá yí i ká, ọ̀nà náà á pa dé. Àyà àti ikùn á máa jà láti fa afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ ò sì ní wọlé. Ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ á máa wálẹ̀ títí ọpọlọ á fi ta jí fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ọ̀fun á là, oorun á tún gbé e lọ. Ó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn kan ju 30 ìgbà lọ láàárín wákàtí kan, ilẹ̀ á sì mọ́ láì jẹ́ pé wọ́n rántí ẹyọ kan.

Kí olùwádìí tó lè sọ pé ìtọ́jú kan dára fún un, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kà á. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú. Òfin tí àwọn yàrá ìwádìí oorun ń tẹ̀ lé ni pé afẹ́fẹ́ tó ń gba imú àti ẹnu gbọ́dọ̀ dín kù ní ìdá 90 nínú 100, ó kéré tán fún ìṣẹ́jú àáyá 10, kí wọ́n tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé èémí dúró. Bó bá jẹ́ ìdá 30 ló dín kù, èémí fà sẹ́yìn nìyẹn, wọn ò sì ní kà á àfi bí nǹkan mìíràn bá bá a rìn. Lórí nǹkan mìíràn yìí, ohùn ò ṣọ̀kan. Òfin kan ní kí ọ́síjìn fi ìdá 3 nínú 100 lọ sílẹ̀ tàbí kí ọpọlọ ta jí. Òfin kejì, tí Medicare, ètò ìbánigbófò ìlera ti ìjọba Amẹ́ríkà, ń lò, kò ka títa jí sí, ó sì ní ọ́síjìn gbọ́dọ̀ fi ìdá 4 lọ sílẹ̀. Wọ́n á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n á fi wákàtí tí èèyàn náà fi sùn pín in, òǹkà tó bá jáde ni wọ́n ń pè ní AHI. Láti 5 sí 15 jẹ́ díẹ̀, láti 15 sí 30 jẹ́ ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, ohun tó bá ju 30 lọ le.

Ẹnì kan náà, lóru kan náà, lè ní àìsàn lábẹ́ òfin kìíní kí ara rẹ̀ sì dá lábẹ́ èkejì. Nígbà tí àwọn olùwádìí yẹ àwọn ará ìlú Lausanne wò ní orílẹ̀-èdè Switzerland pẹ̀lú òfin kìíní, ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2015 ni pé AHI ọkùnrin 49.7 nínú 100 dé 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti obìnrin jẹ́ 23.4. Bóyá ìdajì ọkùnrin ìlú náà ń ṣàìsàn lóòótọ́, bóyá ìlà ni wọ́n fà sísàlẹ̀ jù. Èkejì ló jọ òótọ́ jù. Nítorí náà, ẹni tó bá ń ka èsì ìwádìí èyíkéyìí lórí àìsàn yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá òfin tí wọ́n fi kà á, kó tó wo òǹkà.

Lálẹ́ tí wọ́n bá fẹ́ yẹ èèyàn wò, síso wáyà mọ́ ọn lára máa ń gba àkókò. Wáyà orí ló ń sọ bóyá ó sùn lóòótọ́ àti irú oorun tó ń sùn. Ti ẹ̀gbẹ́ ojú wà fún oorun àlá, torí ẹyinjú máa ń yí kiri nígbà náà. Ti àgbọ̀n àti ti ojúgun ń wo iṣan. Nǹkan méjì ló wà nímú, ọ̀kan ò sì lè dípò èkejì: rọ́bà tín-ínrín tó ń wọn agbára atẹ́gùn ló mọ èémí tó fà sẹ́yìn dáadáa, wáyà tó ń gbọ́ ooru èémí ló sì mọ èyí tó dúró pátápátá. Bí wọ́n bá lo rọ́bà nìkan, ẹni tó ń fi ẹnu mí á dà bí ẹni tí kò mí rárá. Bẹ́líìtì méjì tún wà, ọ̀kan láyà, ọ̀kan níkùn. Bí àwọn méjèèjì bá ń fà tí afẹ́fẹ́ ò sì wọlé, ọ̀fun ló dí. Bí wọ́n bá dúró jẹ́ẹ́, ọpọlọ ni kò pàṣẹ pé kí àyà mí. Àìsàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Irun máa ń dá wàhálà sílẹ̀ ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Wáyà orí gbọ́dọ̀ kan awọ orí. Bí obìnrin bá di irun mọ́ orí tàbí tó rán àfikún irun mọ́ ọn, gọ́ọ̀mù á tú nígbà tó bá máa fi di ọ̀gànjọ́, ìlà tó yẹ kó fi ọpọlọ hàn á sì di játijàti. Yàrá tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ á ti pè é ṣáájú pé kó fi ojú irun sílẹ̀ níbi báyìí báyìí. Èyí tí kò bá mọ̀ ọ́n á kàn yọ orúkọ rẹ̀ kúrò.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń há mọ́ ìka láti wo ọ́síjìn náà ní tirẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ló ń gbà kọjá lára ìka, nítorí náà lààlì dúdú àti ọ̀dà èékánná lè dí i lọ́wọ́. Àwọ̀ ara pàápàá ń yí i padà. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kejìlá 2020 fi ohun tí ẹ̀rọ yìí sọ wé ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà látinú iṣan. Níbi tí ẹ̀rọ ti ní ọ́síjìn wà láàárín 92 sí 96, tó túmọ̀ sí pé kò séwu, 11.7 nínú 100 àyẹ̀wò àwọn aláwọ̀ dúdú ló jẹ́ pé ọ́síjìn wọn kò tó 88. Ti àwọn aláwọ̀ funfun jẹ́ 3.6. Bí ìwádìí kan bá wá ní ẹni tí ọ́síjìn rẹ̀ bá wálẹ̀ dé ibi báyìí nìkan ni òun máa gbà wọlé, àṣìṣe yìí ti ń yan èèyàn kí wọ́n tó ṣẹ́ kèké láti pín wọn sí ẹgbẹ́.

Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń gbé lọ sílé rọrùn, ó sì dínwó, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò ní wáyà orí. Kò mọ̀ bóyá èèyàn sùn. Gbogbo wákàtí tí ẹ̀rọ náà fi ń ṣiṣẹ́ ló fi ń pín òǹkà. Ká ní èémí ẹnì kan dúró ní 60 ìgbà, tó fi wákàtí 8 dùbúlẹ̀ ṣùgbọ́n tó fi 4 péré sùn. Ẹ̀rọ ilé á sọ pé 7.5, yàrá ìwádìí á sọ pé 15. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ ilé fi dára láti fi mú ẹni tí àìsàn rẹ̀ le, tí kò sì dára láti fi dá ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Oru kan ò sì jọ oru kejì. Fífi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn ń mú un le sí i, bẹ́ẹ̀ ni ọtí àti imú dídí. Ẹni tí wọ́n gbà sínú ìwádìí nítorí pé òǹkà rẹ̀ ga lálẹ́ tó kọ́kọ́ wá, ó ṣeé ṣe kó wálẹ̀ fúnra rẹ̀ lálẹ́ mìíràn láì lo nǹkan kan. Láìsí ẹgbẹ́ kejì tí wọn ò tọ́jú, oògùn tí kò ṣe nǹkan kan á gba ìyìn.

Ìtọ́jú tí ọ̀pọ̀ ìwádìí dá lé lórí ni CPAP, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gba ìbòmú wọlé láìdáwọ́ dúró, kí ọ̀fun má bàa pa dé. Colin Sullivan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sydney ló ròyìn rẹ̀ ní 1981, lórí aláìsàn márùn-ún. Agbára atẹ́gùn rẹ̀ máa ń wà láàárín 4 sí 20, lórí òṣùwọ̀n sẹ̀ǹtímítà omi. Láti fi dán an wò, àwọn olùwádìí ń ṣe ẹ̀rọ ẹ̀tàn: ariwo kan náà, ìbòmú kan náà, àmọ́ wọ́n ti lu ihò kún un kí agbára tó kù má tó 1. Kọ̀ǹpútà á ṣẹ́ kèké láti pinnu ẹni tó máa gba èwo. Ẹ̀tàn náà kì í fi gbogbo ìgbà mú, torí aya tàbí ọkọ á gbọ́ bóyá híhanrun dáwọ́ dúró.

Wíwọ ìbòmú wá ni ìṣòro tó borí gbogbo rẹ̀. Ìbòmú ń fún ojú, ó ń jò sí ẹyinjú, ó ń gbẹ ọ̀fun, kò sì sí iná kò sí CPAP. Ní 1993, àwọn olùwádìí kan fi ohun tó ń ka wákàtí pa mọ́ sínú ẹ̀rọ àwọn aláìsàn 35. Ìdá 46 péré nínú 100 wọn ló lò ó fún wákàtí 4, ó kéré tán, nínú oru 7 nínú 10, ohun tí wọ́n sì ń fẹnu sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Látìgbà náà, ìwádìí gidi kò tún gbára lé ẹnu aláìsàn mọ́. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́ sílẹ̀. Wákàtí 4 yẹn sì ní àbùkù tirẹ̀: ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wọ ìbòmú nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ dùbúlẹ̀, wọ́n á yọ ọ́ lóru, bẹ́ẹ̀ ìdájí ni oorun àlá pọ̀ sí, inú oorun àlá ni ọ̀fun sì máa ń dẹ̀ jù. Apá tó burú jù lóru ni wọ́n fi sílẹ̀ láìtọ́jú.

Ìwádìí SAVE, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2016, fi gbogbo èyí hàn kedere. Wọ́n gba èèyàn 2,717 ní ibùdó 89 ní orílẹ̀-èdè méje, Brazil wà lára wọn. Gbogbo wọn ló ti ní àrùn ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ rí. Kí wọ́n tó ṣẹ́ kèké, kálukú lo ẹ̀rọ ẹ̀tàn fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹni tí kò bá lò ó tó wákàtí 3 lóru á padà sílé. Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn, wákàtí 3.3 lóru ni ìpíndọ́gba fún àwọn tó gba CPAP. Lẹ́yìn ọdún 3.7, ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ tún kọlu ìdá 17.0 nínú 100 àwọn tó lo CPAP, àti ìdá 15.4 àwọn tí kò lò ó. Ìyàtọ̀ yẹn kò tó nǹkan tí èèyàn lè gbé lé. Àmọ́ oorun ojúmọmọ dín kù fún wọn, inú wọn sì yá sí i.

Ọ̀pọ̀ gbé e kiri pé CPAP ò wúlò fún ọkàn. Kì í ṣe ohun tí wọ́n dán wò nìyẹn. SAVE kò gba ẹni tí oorun ń gbé ṣubú ní ọ̀sán wọlé, kò sì yẹ kó gbà á: ẹni tó lè sùn lọ nídìí ọkọ̀ ni, wọn ò lè fi í sílẹ̀ láìtọ́jú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn tí àìsàn náà ò fi bẹ́ẹ̀ ni lára ló kù, irú wọn ni kì í sì í rí ìdí tó fi yẹ kí òun wọ ìbòmú. Bí nǹkan ṣe rí yìí, ó ṣòro kí ìwádìí kan tó bá òfin ìwà rere mu tó fi kèké dáhùn ìbéèrè náà fún àwọn tó nílò ìdáhùn jù.

Pípa àìsàn ọ̀fun tó dí àti ti ọpọlọ tí kì í pàṣẹ èémí pọ̀ bí ẹni pé ọ̀kan ni wọ́n léwu gan-an. Ìwádìí SERVE-HF mú èèyàn 1,325 tí ọkàn wọn ò lágbára mọ́, tó sì jẹ́ pé ọpọlọ ni kì í pàṣẹ èémí. Wọ́n fún ìdajì wọn ní ẹ̀rọ ASV, tó ń fẹ́ atẹ́gùn kún un nígbàkigbà tí èémí bá dúró. Òǹkà AHI wálẹ̀ bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n ìdá 29.9 nínú 100 wọn ni àìsàn ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ pa, nígbà tó jẹ́ 24.0 lọ́dọ̀ àwọn tí kò lò ó. Ìkìlọ̀ jáde lọ́dún 2015 pé kí irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ má lò ó mọ́. Òǹkà lè dára kí èèyàn sì kú.

Ìṣòro mìíràn ni ti ẹni tí sìgá tàbí èéfín ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́, tí èémí rẹ̀ tún ń dúró lóru. Ọ́síjìn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ kó tó sùn, nítorí náà èémí tó fà sẹ́yìn díẹ̀ ti tó láti já a wálẹ̀ gan-an, òǹkà á sì ga ju bí ọ̀fun rẹ̀ ṣe dí lọ. Olùwádìí tí kò bá kọ́kọ́ ní kó fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ tó ń wọn agbára ẹ̀dọ̀fóró á rò pé ọ̀fun nìkan lòun ń tọ́jú.

Ìtọ́jú tí kò nílò ìbòmú ti mú kí ọgbọ́n ìwádìí náà yí padà. Nínú ìwádìí STAR ní 2014, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ láti fi ẹ̀rọ tó ń ta iṣan ahọ́n síwájú sínú ara èèyàn 126. Lẹ́yìn ọdún kan, wọ́n mú 46 lára àwọn tó ṣiṣẹ́ fún, wọ́n ṣẹ́ kèké, wọ́n sì pa ẹ̀rọ ìdajì wọn fún ọ̀sẹ̀ kan. Àìsàn náà padà sára àwọn tí wọ́n pa tiwọn. Ní 2024, ìwádìí SURMOUNT-OSA fún àwọn tó sanra jọ̀kọ̀tọ̀ ní abẹ́rẹ́ tirzepatide, oògùn tó ń dín ìsanra kù, fún ọ̀sẹ̀ 52. Àwọn tó ń lo CPAP nínú wọn gbọ́dọ̀ pa á tì fún ọjọ́ méje kí wọ́n tó wá sùn ní yàrá ìwádìí, kí ẹ̀rọ má bàa gba ìyìn abẹ́rẹ́. Láàárín àwọn tí kò lo CPAP, òǹkà fi 25.3 wálẹ̀ fún àwọn tó gba oògùn. Àwọn tí wọ́n gún ní abẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn nínú fi 5.3 wálẹ̀, láì gba ohunkóhun.