Bí Ṣadé Ṣe Di Orúkọ Èèyàn Mẹ́rin

Lọ́dún 1985, àwo orin kan ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé ọjà Amẹ́ríkà, ó sì kó ìyọnu bá àwọn tó fẹ́ tà á. Orin inú rẹ̀ dùn, àwòrán iwájú rẹ̀ ń fani lójú mọ́ra, ṣùgbọ́n ta ló máa mọ orúkọ ara páálí rẹ̀ pè? Lẹ́tà mẹ́rin péré ni: S, A, D, E. Bí ẹni tí kò gbọ́ ju Gẹ̀ẹ́sì lọ bá kà á, "sad", ìbànújẹ́, ni ẹnu rẹ̀ máa gbé e lọ. Ilé iṣẹ́ tó ń tà á bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn pé "Shar-Day" ni kí wọ́n máa pè é. Ará Lọ́ńdọ̀nù kì í pe "r" tó bá wà níbẹ̀ yẹn, ó kàn ń fi í fa ohùn gùn díẹ̀ ni. Ará Amẹ́ríkà kò mọ̀yẹn, ó pe "r" náà ketekete. Kò pẹ́ rárá tí àwọn ọmọbìnrin adúláwọ̀ tí wọ́n ń bí níbẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ Sade, tí àwọn mìíràn sì ń jẹ́ Sharday, tí wọ́n fi orúkọ ìlànà ìpè sọ ọmọ.

Àwa tí Ṣadé mẹ́ta wà ní àdúgbò wa lè fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Àṣìṣe tiwa náà wà níbẹ̀, ó kàn jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń bi wá ni. Bí a bá ti gbọ́ Sade, obìnrin kan ṣoṣo ló ń wá sí wa lọ́kàn: ọmọ Èkìtì tí wọ́n bí ní Ìbàdàn, tó so irun mọ́ ẹ̀yìn orí, tó wọ yẹtí ńlá. Sade tó wà lára páálí yẹn, orúkọ ẹgbẹ́ ni. Èèyàn mẹ́rin ló ń jẹ́ ẹ, mẹ́ta nínú wọn ọkùnrin òyìnbó, méjì nínú àwọn ọkùnrin náà ọmọ Hull, ìlú èbúté àwọn apẹja ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí orúkọ ilé ṣe kúrò ní Ìbàdàn tó fi di ti àwọn ọmọ Hull ni mo fẹ́ sọ.

Adébísí Adu, ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, olùkọ́ nípa ètò ọrọ̀ ajé, pàdé Anne Hayes, nọ́ọ̀sì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó lọ́dún 1955, wọ́n sì wá sí Nàìjíríà. Bánjí ni wọ́n kọ́kọ́ bí. Ní ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 1959, wọ́n bí obìnrin ní Ìbàdàn, wọ́n sọ ọ́ ní Helen Fọláṣadé. Helen kò rí ẹni pè é. Àwọn ará àdúgbò kò gbà á sẹ́nu, Fọláṣadé ni wọ́n ń pè é, nígbà tó sì yá, àwọn òbí rẹ̀ náà tẹ̀ lé wọn.

Ẹ wo orúkọ náà dáadáa. Fi ọlá ṣe adé ni. Ọlá tí ìdílé ní ni wọ́n gbé lé ọmọ lórí bí adé. Bí a ṣe máa ń ṣe sí orúkọ gígùn nílé, orí la máa ń gé, ìrù la máa ń pè: Olúṣẹ́gun di Ṣẹ́gun, Ọmọ́táyọ̀ di Táyọ̀. Fọláṣadé náà di Ṣadé, ọlá sì bọ́ sílẹ̀. Nígbà tí orúkọ náà dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àmì abẹ́ "ṣ" tún bọ́, àmì ohùn orí "é" náà bọ́. Ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń wò nínú páálí ní 1985, àjẹkù ni.

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí bàbá àti ìyá rẹ̀ túká. Ìyá kó àwọn ọmọ méjèèjì padà sọ́dọ̀ àwọn òbí tirẹ̀ ní Essex, nítòsí Colchester, ibẹ̀ ni wọ́n sì gbà dé Holland-on-Sea, ìlú kékeré kan létí òkun. Kí ni ọmọ ọdún mẹ́rin lè kó dání láti Ìbàdàn? Orúkọ ló kó lọ, ó sì jẹ́ ẹ láàárín àwọn òyìnbó títí ó fi dàgbà.

Mo ti gbọ́ kí àwọn kan máa sọ pé Yorùbá wà nínú ohùn rẹ̀, pé ìró ìlú wa ló ń dún nísàlẹ̀ ibẹ̀. Èmi kò gbọ́ ọ. Àwọn olórin tí òun fúnra rẹ̀ gbọ́ tó sì fi kọ́gbọ́n hàn gbangba: Curtis Mayfield, Donny Hathaway, Bill Withers, àwọn ọ̀gá orin sóólù Amẹ́ríkà tí kì í pariwo. Àwo wọn ló ń gbọ́ nígbà tó ń bàlágà. Ohun kan tún wà tó jọ mí lójú ju àwo lọ. Ní òpin ọ̀sẹ̀, ó máa ń ta ọtí ní Rainbow, gbọ̀ngàn ńlá tó wà ní Finsbury Park ní Lọ́ńdọ̀nù, ibẹ̀ ló sì ti rí àwọn Jackson 5. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé àwọn tó wá wòran ló gba òun lọ́kàn ju àwọn tó ń jó lórí ìtàgé lọ: ìyá pẹ̀lú ọmọ, àgbàlagbà, funfun, dúdú, gbogbo wọn lábẹ́ òrùlé kan. Irú èrò bẹ́ẹ̀ ló wu òun láti máa kọrin fún láti ìgbà náà.

Síbẹ̀, orin kọ́ ló bá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tó pé ọmọ ọdún 18, ó wọ Saint Martin's School of Art láti kọ́ iṣẹ́ aṣọ. Nígbà tó parí, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ń rán aṣọ ọkùnrin tà. Owó iṣẹ́ náà kò tó nǹkan. Ibi tó wà nìyẹn nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ méjì tí wọ́n jọ lọ ilé ìwé, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ẹgbẹ́ orin sílẹ̀, wá bẹ̀ ẹ́ pé kó bá àwọn kọrin díẹ̀ kí àwọn tó rí akọrin gidi.

Láti ibẹ̀ ló ti bọ́ sínú ẹgbẹ́ mìíràn tó ń jẹ́ Pride. Ẹgbẹ́ ńlá ni, orin sóólù àti fọ́ǹkì ni wọ́n ń kọ, Ṣadé sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn elégbè lẹ́yìn. Bọ́ọ̀sì kékeré ni wọ́n fi ń káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun ló sì sábà máa ń wà á. Ẹ̀rù ìtàgé máa ń bà á débi pé ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọgbọ́n tó dá sí i ni pé kó má ṣe gbìyànjú láti kọrin bí ẹnikẹ́ni, kó kàn máa kọrin bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ẹ tún gbọ́ orin rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí lọ́kàn, ẹ máa gbọ́ ọ kedere: kì í na ohùn, kì í lọgun, ohùn ìsàlẹ̀ tó nípọn ló fi ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ bí ẹni tó jókòó sí tòsí yín. Èmi gbà pé ẹ̀rù ló bí ohùn tí gbogbo ayé wá ń pè ní ìbàlẹ̀ ọkàn.

Inú Pride ni ẹgbẹ́ Sade ti hù, bí ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe ń hù nídìí ìyá rẹ̀. Tí Pride bá ń ṣeré, wọ́n máa ń yọ apá kan sílẹ̀ tí ariwo á rọlẹ̀, tí Ṣadé á bọ́ síwájú pẹ̀lú àwọn mẹ́ta: Stuart Matthewman tó ń fọn sasofóònù tó sì ń ta gìtá, Paul Denman tó ń ta gìtá béèsì, àti Paul Cooke onílù. Orin jẹ́jẹ́ tó jọ jáàsì ni wọ́n ń kọ. Ọ̀kan nínú rẹ̀ ni "Smooth Operator", tí òun àti Ray St. John jọ kọ. Ní oṣù kejìlá ọdún 1982, àwọn mẹ́rin náà kọ́kọ́ ṣeré lórúkọ ara wọn ní Ronnie Scott's, ilé jáàsì tó lókìkí jù ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ń ṣíwájú fún Pride lọ́jọ́ náà, ìyẹn ni pé àwọn kan náà ló ń ṣíwájú fún ara wọn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Andrew Hale wá síbi dùùrù. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1983 wọ́n ṣeré ní Danceteria ní New York. Lọ́dún yẹn kan náà, nígbà tí wọ́n ṣeré ní kíláàbù Heaven ní Lọ́ńdọ̀nù, èèyàn bí 1,000 ni kò rí àyè wọlé.

Ìgbà yẹn ni àwọn ilé iṣẹ́ orin dìde sí i. Gbogbo wọn, Ṣadé nìkan ni wọ́n fẹ́. Ẹ má dá wọn lẹ́bi jù: ojú rẹ̀ nìkan tó láti ta àwo. Ọdún kan àtààbọ̀ ló fi ń kọ̀ fún wọn, torí kò fẹ́ fi Pride sílẹ̀. Àwọn ara Pride fúnra wọn ló súre fún un pé kó máa lọ. Nígbà tó sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú Epic ní ọjọ́ 18 oṣù kẹwàá ọdún 1983, kò dá lọ. Matthewman, Hale àti Denman bá a lọ, orúkọ rẹ̀ sì di orúkọ gbogbo wọn. Cooke kúrò lọ́dún 1984, wọn kò sì fi onílù mìíràn dípò rẹ̀ nínú ẹgbẹ́. Bí wọ́n ṣe di mẹ́rin nìyẹn títí di òní.

Ẹ fi wé bí a ṣe ń ṣe é nílé. King Sunny Adé and His African Beats. Ebenezer Obey and His Inter-Reformers Band. Ọ̀gá wà níwájú pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, àwọn ọmọ ẹ̀yìn wà lẹ́yìn pẹ̀lú orúkọ tiwọn, "and His" sì dúró láàárín bí ẹnubodè. Ní ti Sade, kò sí ẹnubodè. Ẹni tó wà níwájú bọ́ orúkọ tirẹ̀, ó fi bo gbogbo ilé. Ohun tí èyí wá fà ni pé àwọn mẹ́ta tó kù pòórá sábẹ́ rẹ̀, títí tí èmi àti ẹ̀yin fi gbàgbé pé wọ́n wà.

Sítúdíò Power Plant ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti gba orin àkọ́kọ́ sílẹ̀. Robin Millar ló darí wọn, ọkùnrin tí àìsàn ojú ń gba ìríran lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní àkókò yẹn gan-an. Ìgbà tí gbogbo rédíò kún fún ìlù ẹ̀rọ ni wọ́n jókòó tí wọ́n ń fi ọwọ́ lu ìlù, tí wọ́n ń fi ẹnu fọn sasofóònù. "Your Love Is King" jáde ní oṣù kejì ọdún 1984, ó gòkè dé ipò kẹfà lórí àtẹ orin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Diamond Life, odindi àwo náà, jáde ní oṣù keje, ó dé ipò kejì, ó sì gba Brit, ẹ̀bùn orin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún àwo tó dára jù. Ní Amẹ́ríkà, "Smooth Operator" dé ipò karùn-ún. Kí ọdún 1985 tó parí, àwo kejì, Promise, ti jáde, ó sì gba ipò kìíní ní ilẹ̀ méjèèjì.

Láàárín àwo méjèèjì ni Live Aid, eré ńlá tí wọ́n fi kówó jọ fún àwọn tí ìyàn ń pa ní Ethiopia, wáyé ní Wembley, ní oṣù keje ọdún 1985. Àwọn èèyàn wa fẹ́ràn láti máa sọ pé Ṣadé nìkan ni ọmọ tí wọ́n bí ní Áfíríkà tó kọrin níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Freddie Mercury, tí gbogbo ayé ṣì ń sọ ìtàn eré rẹ̀ ọjọ́ yẹn, Zanzibar ni wọ́n ti bí i.

Ohun tó tẹ̀ lé e kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwo kan jáde lọ́dún 1988, òmíràn lọ́dún 1992, lẹ́yìn náà gbogbo nǹkan dákẹ́ fún ọdún mẹ́jọ. Ṣadé bímọ, ó sá fún àwọn oníròyìn, àwọn ọkùnrin mẹ́ta náà fúnra wọn lọ dá ẹgbẹ́ tiwọn tí wọ́n pè ní Sweetback, Matthewman sì bá Maxwell, olórin sóólù ará Amẹ́ríkà, ṣe àwo àkọ́kọ́ rẹ̀. Nígbà tí Lovers Rock jáde lọ́dún 2000, orin kan wà nínú rẹ̀ nípa àjèjì adúláwọ̀ tí wọ́n fún ní ṣéńjì owó rẹ̀ ṣùgbọ́n tí wọn kò fẹ́ kí ọwọ́ àwọn kan tirẹ̀. Ẹni tó bá rántí pé bàbá rẹ̀ ti gbé Lọ́ńdọ̀nù ṣáájú kí wọ́n tó bí i, ó máa gbọ́ orin yẹn lọ́nà mìíràn. Ọdún mẹ́wàá mìíràn kọjá kí Soldier of Love tó dé ní 2010, ó sì ta ju 500,000 lọ ní ọ̀sẹ̀ kìíní ní Amẹ́ríkà nìkan. Mẹ́rin náà ni wọ́n ṣì jẹ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń jiyàn pé obìnrin kan ni Sade, kó lọ wo ẹ̀bùn Grammy. Lọ́dún 1994 àti lọ́dún 2011, inú ìsọ̀rí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún olórin méjì tàbí ẹgbẹ́ ni wọ́n ti fún Sade ní ẹ̀bùn.

Oyè ìlú Ọba nìkan ni wọn kò lè pín. Lọ́dún 2002 wọ́n fún Ṣadé ní OBE, lọ́dún 2017 wọ́n gbé e ga sí CBE. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta yẹn kò sí nínú ìwé náà, Sade tó wà lára páálí náà kò dá dúró níbẹ̀. Helen Folasade Adu ni wọ́n kọ, láìsí àmì kan lábẹ́ rẹ̀ tàbí lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọlá ti padà síwájú adé.