Ooru àhámọ́ ni, kì í ṣe ìgbóná àgbáyé

"Ìgbóná àgbáyé" ni wọ́n fi túmọ̀ "global warming", ìyẹn bí ooru ayé ṣe ń pọ̀ sí i, tí wọ́n ń kà sí wa létí nínú ìròyìn, ó sì ń bí mi nínú. Ẹni tó hùmọ̀ rẹ̀ kò bi àgbà kankan léèrè. Orúkọ àìsàn ni ìgbóná láàrin wa. Òun la fi ń pe ṣọ̀pọ̀nná nígbà tí ẹnu kò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀ ní gbangba. Ní 1980 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àìsàn náà ti kúrò nílẹ̀. Ẹ wá lọ sọ fún ìyá àgbà kan ní Òkèlele nílùú Ìlọrin pé ìgbóná àgbáyé ti dé, ẹ wo bí yóò ṣe kó àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ wọlé, tí yóò sì ti ilẹ̀kùn.

Àwọn mìíràn ní "ìlọ́wọ́ọ́rọ́ ayé". Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ la fi ń wẹ ọmọ jòjòló. Ta ni yóò bẹ̀rù rẹ̀? Èyí tó burú jù ni "ipa ilé aláwọ̀ ewé" tí wọ́n fi túmọ̀ "greenhouse effect", bí afẹ́fẹ́ ṣe ń há ooru mọ́ ayé. Níbi tí òtútù ti ń pa irúgbìn, àwọn òyìnbó máa ń fi gíláàsì kọ́ ilé fún ewébẹ̀. Ewébẹ̀ inú ilé náà ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, kì í ṣe ọ̀dà ara ògiri. Bí ẹ bá béèrè ilé aláwọ̀ ewé ní Ìlọrin, wọ́n á na ìka sí ilé tí onílé kùn ní gíríìnì, wọ́n á sì bi yín bóyá yàrá lẹ fẹ́ gbà.

Ooru àhámọ́ ni tèmi. Kò sí ẹni tí àhámọ́ ṣàjèjì sí, ojoojúmọ́ la ń gbọ́ pé ẹnì kan wà ní àhámọ́ ọlọ́pàá. Ohun tó wà ní àhámọ́ fẹ́ jáde, wọn ò sì jẹ́ kó jáde. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. "Ìgbóná" ń sọ ohun tí ara ń rí, kò sọ ohun tó fà á, ẹni tó bá sì gbọ́ ọ á rò pé oòrùn ló koná mọ́ tiẹ̀. Oòrùn kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo àwọn ọ̀dọ́ wa ní Tánkè. Nínú oṣù kẹta, tí ààwẹ̀ ti gbẹ gbogbo ènìyàn lẹ́nu, tí ilẹ̀ ń jó àtẹ́lẹsẹ̀, ọmọkùnrin kan á gbé jákẹ́ẹ̀tì wọ̀, èyí tí wọ́n ki nǹkan sínú rẹ̀ títí tó fi wú. Fìlà onírun á wà lórí, sílípáàsì onírun á wà lẹ́sẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ọyẹ́ ti lọ tipẹ́. Kò sí iná nínú jákẹ́ẹ̀tì yẹn o. Ooru ara ọmọ náà ló fẹ́ jáde tí aṣọ dá a dúró. Bí aṣọ bá ṣe nípọn tó ni òógùn ń pọ̀ tó. Ohun tó ń ṣe ayé gan-an nìyẹn. Ìtànṣán oòrùn wọlé, ó mú ilẹ̀ gbóná, ilẹ̀ fẹ́ tú ooru náà padà sójú sánmà, kábọ́nì inú afẹ́fẹ́ gbá a mú, ó sì dá apá kan rẹ̀ padà sílẹ̀. (Kábọ́nì ni mo pe "carbon dioxide" ní kúkúrú, ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀síjìn méjì ara rẹ̀ dí mi lọ́wọ́, kó lọ jókòó sí kíláàsì kẹ́místírì.) Bí kò bá sí aṣọ yẹn lára ayé rárá, òtútù ì bá pa wá: nǹkan bí 18 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nínípọn rẹ̀ ló di wàhálà. Mi ò fẹ́ràn jíìnsì tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ya lórúnkún, ṣùgbọ́n ẹni tó wọ̀ ọ́ ṣì fi ihò sílẹ̀ fún ooru.

Polyester sì ni ọ̀pọ̀ jákẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí, láti ara epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń ṣe é. Epo tí à ń jó nínú jẹnẹrétọ̀ àti ọ̀kadà, tó ń fi kábọ́nì kún afẹ́fẹ́, òun náà la tún gbé wọ̀. Òfì tí wọ́n ń hun ní Ìlọrin nípọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí ó bá jẹ́ òwú gidi, ó ń mu òógùn, atẹ́gùn sì ń gba inú rẹ̀ kọjá.

Ẹ̀rí àhámọ́ ti wà tipẹ́. Ní 1856, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Eunice Foote, ki oríṣiríṣi afẹ́fẹ́ sínú ìgò, ó gbé wọn sínú oòrùn. Èyí tó ní kábọ́nì gbóná ju àwọn yòókù lọ, nígbà tó sì gbé e kúrò nínú oòrùn, ó pẹ́ gan-an kó tó tutù. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ó pẹ́ kó tó tutù. Ibo lẹ ti rí ìyẹn nínú "ìgbóná"? Kí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tó bẹ̀rẹ̀ sí í jó èédú, kábọ́nì kò ju bíi 280 lọ nínú mílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́. Ó ti lé ní 420 báyìí. Ọdún 2024 ni ooru ayé sì pọ̀ jù látìgbà tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ olùkọ́ ní Ọ̀fà ní mo ń da nǹkan méjì pọ̀: pé àhámọ́ ni okùnfà, pé ìgbóná ni àbájáde. Mo gbọ́. Ẹni tí òógùn ń bò nínú ọkọ̀ ní Post Office kò ráyè ìyàtọ̀ yẹn. Ó tún ní "àgbáyé" kò sí nínú tèmi. Ṣé afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ lórí Òkè Sóbì ní ẹnubodè ni? Èyí tó wá rò pé òun fi mú mi ni ti ọyẹ́: bí ooru bá wà ní àhámọ́, kí ló dé tí òru ọyẹ́ ń mú wa gbọ̀n? Afẹ́fẹ́ gbígbẹ láti aṣálẹ̀ ni ọyẹ́. Kò sí ìkùukùu, ọ̀rinrin ò tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ ọ̀rinrin náà wà lára ohun tó ń há ooru mọ́. Ìgbà tí kò sí, ilẹ̀ á tètè tú ooru rẹ̀ sílẹ̀ lóru. Àpẹẹrẹ tó mú wá láti fi bá mi jà, tèmi ló gbè.