Bí Ààlà Omi Ṣe Wọ Inú Òfin Èkó

Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ kọ́lé lẹ́bàá kánáàlì lónìí, ìbáà jẹ́ ní Sùúrùlérè, ní Mùṣin tàbí ní apá Kétu, kò ní ṣàì gbọ́ ọ̀rọ̀ sẹ́tíbáàkì, ìyẹn àyè tí òfin ní kí onílé fi sílẹ̀ láàárín ògiri rẹ̀ àti etí omi. Ìlà tí ó pààlà àyè náà wà lórí máàpù ní ọ́fíìsì ìjọba, ọ̀pọ̀ onílé ni kò sì fojú kan máàpù ọ̀hún rí títí di ọjọ́ tí wọ́n bá fi ọ̀dà pupa kọ àmì sára ògiri wọn. Ìtàn bí ìlà náà ṣe dé gùn ju bí ọ̀pọ̀ wa ti rò lọ. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ wọn omi Èkó, nítorí ọkọ̀ òkun ni. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ilẹ̀ àbàtà wò, nítorí ẹ̀fọn ni. Nígbà tí wọ́n fa ìlà yí àwọn àdúgbò ká, nítorí eku ni. Omíyalé gan-an ni ó dé kẹ́yìn. Mo gbàgbọ́ pé bí àwọn ìdí wọ̀nyí ṣe tẹ̀ léra ni ó fà á tí òfin ààlà omi wa fi mọ ilé wó ju bí ó ti mọ ọ̀rọ̀ ṣàlàyé lọ.

Kí òyìnbó tó mú ìwé àti okùn ìwọnlẹ̀ dé, àwọn Àwórì tí wọ́n tẹ̀dó sí Ìddó kí wọ́n tó kọjá sí Ìsàlẹ̀ Èkó ti mọ ìwà omi tí ó yí wọn ká. Apẹja àti atukọ̀ kò lè ṣe kí wọ́n má mọ̀ ọ́n, nítorí ẹ̀ẹ̀mejì láàárín ọ̀sán kan àti òru kan ni omi òkun ń tì wọ inú ọ̀sà tí ó sì tún ń fà padà. Ilẹ̀ Erékùṣù Èkó àti ti Victoria Island kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju òkun lọ. Ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, ìwọ̀nba mítà kan tàbí méjì ni. Òjò tí ó ń rọ̀ sí orí ilẹ̀ pẹlẹbẹ yìí lé ní 1,500 mìlímítà lọ́dún. Oṣù Kẹfà ni ó máa ń pọ̀ jù, ìyókù sì máa ń dé nígbà àrọ̀kúrò, lẹ́yìn tí òjò bá ti sinmi díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ. Bí òjò ńlá bá rọ̀ nígbà tí ọ̀sà kún, gọ́tà kò ní ibi tí yóò da omi sí, nítorí omi ọ̀sà ti gba ẹnu ibi tí ó yẹ kí omi òjò gbà jáde. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò máa rò pé ìdọ̀tí inú gọ́tà nìkan ni ó ń fa omíyalé ní Èkó. Ìmọ̀ yìí wà lórí àwọn àgbà etí omi, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ìwé dé.

Ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ ni ìjìnlẹ̀ omi. John Hawley Glover, ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ará Èkó padà wá ń pè ní Ọba Gòlóbà nígbà tí ó di alákòóso wọn, wà lára àwọn tí wọ́n wọn omi Èkó tí wọ́n sì yà á sórí ìwé, kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó gba ìlú náà ní 1861. Ọ̀nà tí ọkọ̀ ńlá lè gbà kọjá láìfẹsẹ̀ gún yanrìn ni irú máàpù bẹ́ẹ̀ ń wá. Kò kan ilé ẹnikẹ́ni. Nítorí yanrìn kan náà tí ó dí ẹnu òkun ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í da òkúta sínú omi ní 1908, tí wọ́n sì fi kọ́ ògiri gígùn sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì ọ̀nà náà. Ọkọ̀ rí ọ̀nà gbà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti ìwọ̀-oòrùn ni yanrìn etíkun wa ti máa ń ṣí lọ sí ìlà-oòrùn, ògiri òkúta wá dá a dúró ní apá kan, Bar Beach tí ó wà ní apá kejì kò sì rí yanrìn tuntun gbà mọ́. Òkun bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀ ibẹ̀, ó sì jẹ ẹ́ fún nǹkan bí 90 ọdún, títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi odi òkúta ńlá ti Eko Atlantic, ìlú tuntun tí wọ́n ń kọ́ sórí yanrìn tí wọ́n fi dí òkun, dí i. Iṣẹ́ tí ó tún ọ̀nà ọkọ̀ ṣe ni ó sọ etíkun Èkó di ibi ewu, kò sì sí máàpù kankan nígbà náà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti béèrè ẹni tí omi náà yóò lọ bá.

Òfin àtúnṣe ìlú àkọ́kọ́ jáde ní Èkó ní 1863, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mú ọ̀rọ̀ omi wọ inú ètò ìlú ní pàtó ni William MacGregor, dókítà tí ó jẹ gómìnà láti 1899 sí 1904. Ní 1897 ni Ronald Ross fi hàn ní Íńdíà pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé ibà kiri, MacGregor sì gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Ó ní kí wọ́n pín oògùn kuiníìnì, kí wọ́n fa omi kúrò nínú àbàtà, kí wọ́n sì wa kánáàlì tí ó pín Erékùṣù Èkó àti Ìkòyí níyà, èyí tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè. Mi ò ní bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ yìí, nítorí ọmọdé tí ibà ń pa nígbà náà kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn ni ìjọba ti ń wo àbàtà bí ibùgbé àrùn tí ó yẹ kí a dí pa. Wọn kò kà á sí ibi ìgbomidúró, bẹ́ẹ̀ ohun tí ó jẹ́ nìyẹn: bí ọ̀sà bá kún tí òjò sì ń rọ̀, àbàtà ni omi máa ń lọ dúró sí títí ọ̀sà yóò fi fà. Wọ́n kún àbàtà Ẹlẹ́gbàtà àti Àlákòró títí wọ́n fi di ilẹ̀ ọjà àti ilé. Kánáàlì MacGregor fúnra rẹ̀, wọ́n padà dí i.

Ní 1924, àrùn eku (plague) bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, ó sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn láàárín àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ìdáhùn ìjọba ni òfin ètò ìlú ti 1928, tí ó dá LEDB (Lagos Executive Development Board) sílẹ̀, àjọ tí ó ń bójú tó àtúntò ìlú Èkó. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí òǹkàwé dúró lé díẹ̀, nítorí ibí yìí ni ìlà orí máàpù ti di ohun tí ó lè lé ènìyàn kúrò nínú ilé. LEDB ní agbára láti fa ìlà yí àdúgbò kan ká, kí wọ́n sọ pé ó lòdì sí ìlera, kí wọ́n ra ilé ibẹ̀ kí wọ́n sì wó o. Yábàá jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí wọ́n tò fún àwọn tí wọ́n kó kúrò lórí erékùṣù. Láti 1955 ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wíwó ilé ní àárín gbùngbùn Èkó, tí wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí Sùúrùlérè, sí ibi tí ó jìnnà sí ọjà tí wọ́n ti ń tajà àti sí agbo ilé tí wọ́n bí wọn sí. Àwọn àgbà kan kò gbàgbé ẹ̀dùn ọkàn ọjọ́ yẹn títí wọ́n fi kú. Ẹni tí ó wà nínú ìlà kò ní ohun púpọ̀ tí ó lè sọ sí ibi tí ìlà gbà.

Òfin ètò ìlú mìíràn jáde ní 1946, wọ́n dá ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967, LEDB sì wọ inú LSDPC, àjọ ilé kíkọ́ ti ìpínlẹ̀ náà, ní 1972. Ní gbogbo àsìkò yìí ni ìlú ń kún lórí ilẹ̀ àárín, tí ilé ń gun ara wọn láti Mùṣin dé Ṣómólú, tí ilẹ̀ tí kì í gba omi sì ń pọ̀ sí i nítorí kọnkéré àti ọ̀dà títì. Omi tí ilẹ̀ ì bá ti fà mu ní láti wá ọ̀nà gba inú kánáàlì lọ sí ọ̀sà. Ìjọba sọ àwọn kánáàlì ńlá wọ̀nyí ní nọ́ńbà, èyí ni ó jẹ́ kí a máa gbọ́ System 1, èyí tí ó gba apá Odò Ìyá Aláró kọjá. Ibi tí nọ́ńbà bá wà, sẹ́tíbáàkì náà ń bẹ. Ṣùgbọ́n ọmọ onílẹ̀ ń ta ilẹ̀ etí kánáàlì, àwọn kan nínú ọ́fíìsì ń fọwọ́ sí àwòrán ilé, ẹni tí ó rà á sì gbà pé òǹtẹ̀ tí ó rí lórí ìwé rẹ̀ tó.

Ní oṣù Keje 1990, ìjọba ológun ìpínlẹ̀ Èkó lé àwọn ará Maroko, àdúgbò tálákà kan lẹ́bàá Victoria Island, jáde, nǹkan bí 300,000 ènìyàn gẹ́gẹ́ bí ìṣirò tí ó gbajúmọ̀. Lára ìdí tí wọ́n sọ ni pé ilẹ̀ náà rẹlẹ̀, pé omi lè bò ó nígbàkigbà. Òótọ́ ni pé ó rẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí wọ́n wó o tán, wọ́n fi yanrìn kún un, ilé àwọn tí ó lówó lọ́wọ́ ni ó sì kún ibẹ̀ lónìí. Bí yanrìn bá lè gbé ilẹ̀ náà sókè fún ẹni tí ó dé lẹ́yìn, ó yẹ kí ẹnì kan ṣàlàyé fún ẹni tí ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ìdí tí kò fi lè gbé e sókè fún òun. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ "ilẹ̀ tí omi lè bò" ti ń mú ẹ̀rù ba tálákà Èkó ju omi fúnra rẹ̀ lọ, mi ò sì rò pé a lè ṣe máàpù ewu omi tí ará àdúgbò yóò gbẹ́kẹ̀ lé láìrántí èyí.

Òfin ètò ìlú tí ìpínlẹ̀ Èkó ń lò fún àṣẹ ilé kíkọ́ jáde ní 2010. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ní ọjọ́ 10 oṣù Keje 2011, òjò tí ó lé ní 200 mìlímítà rọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ilé àti ọjà wọ omi, àwọn ènìyàn sì kú. Ní 2012, omi bo ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ lẹ́bàá odò Ọya àti Bẹ́núé, ó pa ènìyàn 363, ó sì lé nǹkan bí mílíọ̀nù 2.1 kúrò nílé. Láti 2013 ni NIHSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń bójú tó ọ̀ràn omi, ti ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ ìkún omi jáde lọ́dọọdún. Ìrànlọ́wọ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀ ni ó sábà máa ń dárúkọ, ará Agiliti, lẹ́bàá Odò Ògùn, tí ó gbọ́ pé ewu wà ní ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ kò sì tíì mọ̀ bóyá ojúlé tirẹ̀ ni tàbí ti òkè títì.

Ní Amẹ́ríkà, òfin 1968 tí ó dá ìbánigbófò ìkún omi sílẹ̀ fi àdéhùn kan sáàárín ìjọba àti ìlú kéékèèké: ìlú tí ó bá fẹ́ kí àwọn ará rẹ̀ rí ìbánigbófò rà gbọ́dọ̀ gba máàpù ewu omi, kí ó sì máa tẹ̀ lé òfin ilé kíkọ́ tí ó bá a rìn. Ìlà pàtàkì orí máàpù náà ni ibi tí ó ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ewu pé omi lè bò ó nínú ọdún kan. Bí wọ́n bá tún ìlà fà, wọ́n ń fi hàn fún gbogbo ènìyàn, ọjọ́ 90 sì wà tí onílé tàbí ìlú lè fi mú ẹ̀rí wá pé wọ́n ṣì í wọ̀n. Ètò náà ní àléébù tirẹ̀, máàpù kan a sì máa pẹ́ kí wọ́n tó tún un ṣe. Síbẹ̀, àṣẹ láti jiyàn pẹ̀lú ìlà kí ìlà tó di òfin ni ohun tí a kò jogún láti ọwọ́ LEDB, òun ni mo sì fẹ́ kí a kọ́kọ́ wá.

A ní ẹni tí ó lè mú ẹ̀rí wá. Ní 2019, àwọn ọ̀dọ́ Makoko kọ́ bí a ṣe ń fi drone yàwòrán àdúgbò wọn, tí ọ̀nà omi àti ilé orí igi tí kò sí lórí máàpù ìjọba tẹ́lẹ̀ sì hàn síta. Ní Agiliti àti Ajégúnlẹ̀ tí ó wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú, àwọn ènìyàn mọ̀ pé bí wọ́n bá ṣí ẹnu Dáàmù Ọ̀yán nígbà àrọ̀kúrò, Odò Ògùn yóò kún dé ẹnu ọ̀nà wọn bí òjò kò tilẹ̀ rọ̀ ní Èkó lọ́jọ́ náà; ibi tí omi dé ṣì hàn lára ògiri wọn. Kò sí ẹ̀rọ tí ó lè ti ojú sánmà wo ilẹ̀ kí ó rí ilà omi yẹn.

Kí ìjọba gbé máàpù tí ó wà nílẹ̀ jáde sí gbọ̀ngàn káńsù kọ̀ọ̀kan ṣáájú òjò, ní èdè Yorùbá, pẹ̀lú orúkọ òpópónà àti nọ́ńbà ojúlé. Kí awọnlẹ̀ rìn pẹ̀lú ẹgbẹ́ onílé, kí wọ́n kọ gíga omi ọdún kọ̀ọ̀kan tí ògiri bá jẹ́rìí sí. Kí ọjọ́ kan wà nínú òfin tí ẹni tí ìlà tuntun bá bá nílé lè fi mú ìwé àti ẹ̀rí rẹ̀ wá, ẹni tí ìjọba fúnra rẹ̀ bá sì ti fọwọ́ sí àwòrán ilé rẹ̀, kí wọ́n san owó gbà-má-bínú fún un kí katapílà tó dé.