Pé Wọn Kò Ṣe Ìbọn Kan Mọ́ Kò Sọ Pé Ó Tó Owó Tí Wọ́n Pè É

Láàárín àwọn tó ń ra ìbọn àlòkù ní Amẹ́ríkà, ìgbàgbọ́ kan ti fìdí múlẹ̀ pé ìbọn ráífù oníléfà (èyí tí a ń fa ọ̀pá abẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní léfà, kí ọta tuntun lè wọlé) tí ilé iṣẹ́ bá ti dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró ti di ọ̀wọ́n nìyẹn, àti pé iye yòówù tí ẹni tó ń tà á bá pè, kí oníbàárà yáa tètè san án, torí pé owó rẹ̀ kò tún ní wálẹ̀ mọ́. Ìgbàgbọ́ òdì ni. Ó ń mú kí àwọn ènìyàn fi owó tí wọ́n fi òógùn wá ra ohun tí ó pọ̀ káàkiri, kí wọ́n sì fi èyí tó níye lórí gan-an sílẹ̀.

Ohun tó ń mú kí nǹkan wọ́n ni pé kí ó kéré, kí àwọn tó ń wá a sì pọ̀. Bí ilé iṣẹ́ ṣe dáwọ́ dúró kò fi ọ̀kankan nínú méjèèjì hàn wá. Ẹ wo Winchester Model 94, tí John Browning ṣe àgbékalẹ̀ rẹ̀, tó jáde ní 1894. Nígbà tí ilé iṣẹ́ tó wà ní New Haven, ní ìpínlẹ̀ Connecticut, ti ilẹ̀kùn ní 2006, ọ̀pọ̀ gbà pé ó parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ti ṣe ṣáájú ìgbà náà ti lé ní mílíọ̀nù méje, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí ilé iṣẹ́ Miroku ní Japan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é lábẹ́ orúkọ Winchester kan náà.

Ti Marlin, ilé iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe ìbọn oníléfà, tilẹ̀ hàn gbangba ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ ìbọn Remington ra ilé iṣẹ́ yìí, ó kó iṣẹ́ náà kúrò ní North Haven, ní Connecticut, lọ sí Ilion ní ìpínlẹ̀ New York, àwọn ìbọn tó kọ́kọ́ jáde níbẹ̀ sì ní àbùkù tí ojú lásán lè rí: igi tí kò bá irin mu dáadáa, irin ìfojúsùn tí kò dúró gán-án. Látìgbà náà ni àwọn tó mọ̀ ọ́n ti ń wá lẹ́tà JM tí wọ́n tẹ̀ sí ara ọ̀pá ìbọn, nítorí pé òun ló sábà máa ń fi hàn pé Connecticut ni wọ́n ti ṣe é. Nígbà tí Remington kó sí gbèsè tí kò lè san ní 2020, tí iṣẹ́ Marlin sì dúró pátápátá, owó Model 336 àti 1895 ti Marlin fò sókè. Ọdún yẹn náà ni ilé iṣẹ́ ìbọn Ruger ra Marlin ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 28 dọ́là. Ní ìparí 2021, Model 1895 tuntun jáde láti Mayodan ní North Carolina, Model 336 sì tẹ̀lé e ní 2023, iṣẹ́ ọwọ́ tó wà lára wọn sì dára ju ti Ilion lọ lójú tèmi. Ẹni tó san owó gọbọi ní 2020 nítorí ìbẹ̀rù pé kò ní sí mọ́ kò jẹ èrè kankan nínú ìkánjú rẹ̀.

Àwọn ìbọn ìrántí náà wà níbẹ̀, àwọn tí Winchester ṣe láti fi rántí ènìyàn tàbí ìṣẹ̀lẹ̀ kan, tó sì fi wúrà àti àwòrán ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Buffalo Bill ti 1968 nìkan lé ní 100,000, ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n sì tọ́jú sínú páálí láì yìn ín rí, nítorí náà kò sí ọ̀wọ́n níbẹ̀. Èyí tí wọ́n bá ti yìn, tàbí tí páálí rẹ̀ ti sọnù, owó rẹ̀ a tún já wálẹ̀ sí i.

Kí ló wá ń pinnu iye ìbọn? Ìgbà tí wọ́n ṣe é àti ipò tó wà. Ní 1964, Winchester yí ọ̀nà tó ń gbà ṣe Model 94 padà láti dín owó kù. Ẹ dojú ìbọn náà délẹ̀, kí ẹ ka nọ́ńbà tó wà lábẹ́ àpótí irin tó gba ẹ̀rọ ìbọn náà, níwájú léfà: bí ó bá ti kọjá nǹkan bíi 2,700,000, ẹ̀yìn àtúnṣe yẹn ni wọ́n ṣe é. Ẹ wá fa léfà wálẹ̀, kí ẹ wo irin tó ń gbé ọta sókè. Ti àtijọ́ jẹ́ irin gbọọrọ tí wọ́n gbẹ́ láti ara òdindi irin. Ti àwọn ọdún àkọ́kọ́ lẹ́yìn àtúnṣe 1964 jẹ́ irin fẹ́lẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nínú ẹ̀rọ. Bí ẹnikẹ́ni bá pe owó ti àkọ́kọ́ lé ti ìkejì lórí, ẹ má san án.

Ẹ ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n tún kùn. Bí etí lẹ́tà tí wọ́n fín sára irin bá ti ń parẹ́, tí ihò síkúrù sì ti fẹ̀, wọ́n ti fi ẹ̀rọ yọ ojú irin náà kí wọ́n tó tún un kùn. Ó lè dán ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, síbẹ̀ owó rẹ̀ kéré gan-an lójú àwọn tó ń kó ìbọn àtijọ́ jọ.

Savage Model 99, ìbọn oníléfà ti ilé iṣẹ́ Savage, ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, òun sì ni kò tíì padà wá látìgbà tí wọ́n ti dá a dúró ní ìparí àwọn ọdún 1990. Wọ́n ṣe é ju mílíọ̀nù kan lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ti àtijọ́ ní fèrèsé kékeré kan lápá òsì tó ń fi iye ọta tó kù nínú rẹ̀ hàn. Àmọ́ kí ẹ tó yin ẹwà rẹ̀, ẹ fi èékánná tọ igi rẹ̀ lọ́rùn, lẹ́yìn ibi tí irin ti wọnú igi, torí pé ibẹ̀ ló sábà máa ń sán. Ẹ wo orí rẹ̀ pẹ̀lú bóyá ẹnì kan ti gbẹ́ ihò síbẹ̀ láti fi awò ìfojúsùn sí i. Ẹ sì ka irú ọta tó ń jẹ: .308 Winchester wà lórí àtẹ níbi gbogbo, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ra ti .303 Savage yóò máa wá ọta ju ẹran lọ. Fún ọdẹ, èyí ṣe pàtàkì ju ọjọ́ orí ìbọn lọ.

Ní ti iye owó fúnra rẹ̀, ẹ má fi ohun tí àwọn ontajà ń pè ṣe òdiwọ̀n, nítorí pé ẹnikẹ́ni lè pe iye tó wù ú, kí ìbọn náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Ẹ wá àkọsílẹ̀ iye tí àwọn ènìyàn san gan-an níbi gbàǹjo fún irú rẹ̀, ti sáà kan náà, tó ń jẹ irú ọta kan náà, tó sì wà ní ipò kan náà. Bí iye tí wọ́n pè fún yín bá ga ju ìyẹn lọ, tí ìdí kan ṣoṣo tí wọ́n sì ní kò ju pé wọn kò ṣe é mọ́, ẹ dá owó tí àwọn yòókù san fún un lé e.